Èéfín Orí Ilẹ̀ Tolliver

Mahala kúnlẹ̀ síwájú ààrò, ó ń fẹ́ iná. Igi náà tutù, èéfín ń ta á lójú, ó sì ń padà wọlé dípò kó gba òrùlé jáde. Ó fẹ́ ẹ títí òòyì fi fẹ́ gbé e. Nígbà tí iná gbà, kò tilẹ̀ dúró yá a. Ó sáré jáde sínú yìnyín, ó gbójú sókè wo ihò èéfín. Ó ti ń rú. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà lọ́wọ́ kò ju ìyẹn lọ: kí èéfín má ṣe tán lórí ahéré tó ń gbé. Ọ̀gá rẹ̀, Tolliver, ará Missouri ní Amẹ́ríkà, ní oko àti ìyàwó àti ọmọ ní òdìkejì odò ńlá Missouri, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wọ ilẹ̀ Kansas tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sílẹ̀. Òfin sì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé orí rẹ̀. Tolliver kò lè fara da òtútù ibẹ̀. Ó kọ́ ahéré onígi kan sẹ́bàá odò kékeré kan, ó fi ẹrú rẹ̀ síbẹ̀, ó sì padà sídìí iná tirẹ̀. Ẹni tó bá rí èéfín láti òkèèrè yóò rò pé onílé wà nílé.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń ta irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Lọ́dún náà, àwọn ará Missouri ń wọ́ wá kí Kansas lè di ilẹ̀ ẹrú, àwọn ará Àríwá náà ń wọ́ wá kí ó má bàa rí bẹ́ẹ̀. Ìhà tó bá ní èrò jù ni òfin yóò gbè. Àwọn méjèèjì ń pariwo pé àwọn ló ni ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibojì àwọn ẹ̀yà Delaware, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kúrò níbẹ̀, ṣì wà lẹ́yìn ahéré náà, tí òkúta kéékèèké yí i ká. Ibojì yìí ni Mahala máa ń kí láràárọ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí yóò kí.

Wọ́n ní ènìyàn laṣọ mi. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìhòòhò ni Mahala wà ní gbogbo ìgbà òtútù náà. Ó ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Ó ń bá iná jà, ó tún ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà míràn yóò pe orúkọ ara rẹ̀ sókè kó lè gbọ́ ọ létí, yóò sì dà bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

Kí ló wá mú un dúró? Ìyá rẹ̀ ni. Dicey, ìyá rẹ̀, wà nílé ìdáná Tolliver ní Missouri. Tolliver ti là á mọ́lẹ̀ fún ọmọ náà pé bí èéfín bá tán, Dicey ni yóò jìyà rẹ̀. Bí kò bá sì tán títí ìjọba yóò fi kọ ilẹ̀ náà fún òun, òun yóò mú Dicey wá, tìyá tọmọ yóò sì jọ máa gbé ibẹ̀. Nítorí ìlérí yìí, Mahala lè máa fẹ́ iná títí ayé.

Ní òdìkejì odò kékeré náà ni àwọn Peck ń gbé, tọkọtaya kan tó wá láti Àríwá. Tolliver ti kìlọ̀ pé kó má ṣe yà síbẹ̀, àti pé bí wọ́n bá béèrè òun, kó ní ọ̀gá òun lọ ṣọdẹ. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fẹ́ pa ọmọ náà. Lọ́jọ́ tí òórùn búrẹ́dì Ìyáàfin Peck gba orí odò kọjá wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Obìnrin náà kò lé e. Ó gé búrẹ́dì gbígbóná fún un, ó jókòó tì í, ó ń sọ̀rọ̀ nípa màlúù rẹ̀ tí kò fẹ́ fún wàrà, Mahala sì ń mu ohùn rẹ̀ bí ẹni ń mu omi.

"Ọ̀gá rẹ ńkọ́?" Ìyáàfin Peck bi í nígbà tó yá.

"Wọ́n lọ ṣọdẹ, mà."

"Ọdẹ yìí mà pẹ́ o. Ẹran wo ni wọ́n ń lé láti ìgbà ìkórè?"

Ìyáàfin Peck rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní àwọn mọ̀ pé Tolliver kì í gbé ibẹ̀. Bí Mahala bá lè dúró níwájú ìpàdé àwọn ará Àríwá tó ń ṣèdájọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kó jẹ́rìí sí i, ilẹ̀ náà yóò bọ́ lọ́wọ́ Tolliver, àwọn yóò sì mú un lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í ní ẹrú.

Òmìnira nìyẹn, ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n Mahala rántí ìyá rẹ̀. Ó tún sọ pé ọ̀gá òun lọ ṣọdẹ, ó dìde, ó sì padà lọ fẹ́ iná. Ó sunkún lọ́jọ́ náà. Ohùn ènìyàn dùn létí rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tí òun yóò tún gbọ́ ọ.

Nígbà tí yìnyín ga dé orúnkún, Tolliver gun ẹṣin dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun àgbàdo àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀. Ihò èéfín ló kọ́kọ́ wò kó tó wo ọmọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní odò Missouri ti dì gbagidi, orí rẹ̀ ni ẹṣin òun rìn kọjá. Lẹ́yìn náà ó fa aṣọ ìbora kan yọ lẹ́yìn gàárì, ó jù ú sí i.

"Ìyá rẹ ní kí n fún ọ. Ó kí ọ."

Mahala gbá aṣọ náà mọ́yà. Àkísà oríṣiríṣi ni Dicey fi rán an. Ẹ̀wù tí Mahala wọ̀ nígbà tó ṣì ń rákò wà níbẹ̀, apá ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Òórùn àlùbọ́sà àti ti ìyá rẹ̀ kò tíì kúrò lára rẹ̀. Inú ọmọ náà dùn débi pé ó gbàgbé òtútù. Ìgbà tó yá ni ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Aṣọ ìbora kan ṣoṣo yìí ni ìyá rẹ̀ ní láyé. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti jọ ń sùn láti ìgbà tó ti gbọ́njú.

"Ọ̀gá," ó pè é, "kí ni màmá mi wá fi ń bora?"

Tolliver ń di okùn gàárì. Kò bojú wẹ̀yìn. "Ibi tó wà kì í tutù," ló fi dá a lóhùn. Ó gun ẹṣin rẹ̀, ó lọ.

Mahala dúró sójú kan. Odò ńlá ti dì ní Missouri. Ibo ló wá kù tí kì í tutù? Kò sí ẹrú tí kò mọ̀ ọ́n. Ìsàlẹ̀ Gúúsù ni, níhà Texas, níbi tí oko òwú tuntun ti ń gbé ènìyàn mì. Bí wọ́n ṣe ń gba ilẹ̀ kún ilẹ̀ ni wọ́n ń ta ènìyàn ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹni tó bá sì lọ kì í bọ̀. Tolliver ti ta ìyá rẹ̀. Dicey kò fi aṣọ kankan ránṣẹ́. Aṣọ náà ni ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo iná tí ọmọ náà ti fẹ́, pàbó ló já sí.

Ó sunkún gidigidi. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nígbà tó nu ojú tán, ó kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn Peck.

"Mà, ọ̀gá mi kì í gbé ibẹ̀. Wọn ò gbé ibẹ̀ rí. Ẹ mú mi lọ."

Ìyáàfin Peck dì mọ́ ọn, omi bọ́ lójú òun náà. Ó ní yóò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìpàdé di ìgbà tí yìnyín bá yọ́. Kí Mahala padà sí ahéré ná, kó ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Ẹ mú mi lọ báyìí, mà. Mo ti sọ ọ́ fún yín."

Obìnrin náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọmọ mi, ọkọ mi ló ní ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Igi orí ilẹ̀ yẹn la fẹ́ fi kọ́lé. Tóo bá lọ kí ìpàdé tó jókòó, ta ni á jẹ́rìí?"

Inú obìnrin náà kò burú, ojú sì ń tì í bó ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Mahala ti gbọ́ ohun tó gbọ́. Èéfín ni òun jẹ́ lọ́dọ̀ Tolliver, ẹnu ni òun jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Peck. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó béèrè bóyá òtútù ń mú un. Ó dúpẹ́ búrẹ́dì ọjọ́sí, ó sì padà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò fẹ́ iná bó ṣe máa ń fẹ́ ẹ. Ó to igi gbígbẹ sísàlẹ̀, ó to igi tútù lé e, ó fi eérú bò ó kó lè máa jó díẹ̀díẹ̀, kó máa rú. Tolliver fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n yìí. Ó fi aṣọ ìbora ìyá rẹ̀ wé ara, ó kí ibojì ẹ̀yìn ahéré pé ó dìgbà, ó sì gba orí odò kékeré tó ti dì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbá yìnyín kúrò tí ipasẹ̀ kì í hàn. Ó kọrí sí àríwá, òun nìkan.

Àwọn Peck rí èéfín, wọ́n ní ọmọ náà wà nílé. Àwọn ará Missouri tó ń bá Tolliver ṣọ́ ilẹ̀ rí i láti orí òkè, wọ́n ní ọmọ náà wà nílé. Nígbà tí èéfín fi tán, Mahala ti jìnnà. Ọkọ Ìyáàfin Peck sáré wá sàmì sí ilẹ̀, Tolliver kó ìbọn dé, wọ́n ta ara wọn lọ́gbẹ́, ahéré náà sì jóná raúraú. Kò sí èyí tó rí ilẹ̀ náà gbé nínú wọn. Irú ìjà bẹ́ẹ̀, láti ilẹ̀ kan dé òmíràn, ló ń ràn títí ó fi di ogun tó pín gbogbo Amẹ́ríkà sí méjì.

Mahala dé ìlú kékeré kan ní Iowa, ilẹ̀ tí kò sí ẹrú. Ìdílé kan gbà á wọlé láìbéèrè ilẹ̀ kankan lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Nígbà tí ogun parí tí ẹrú dòmìnira, ó ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan tẹ̀ lé òmíràn ní Texas, pé ta ló mọ Dicey. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Òmìnira dùn, ṣùgbọ́n òun nìkan ló bá a jókòó.

Wọ́n ní èéfín nìwà, kò ṣe é bò mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìlérí tó bá ní kí ẹ máa purọ́ kó tó ṣẹ, ẹ fura sí i. Oore tó bá ń dúró gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ìyà ń jẹ, òwò ni, kì í ṣe oore. Bí àwọn ènìyàn bá sì ka ilẹ̀ sí ju ọmọlàkejì lọ, ilẹ̀ náà ni yóò pín wọn níyà.

Nígbà tí Mahala di àgbà, bí ọmọ aláìlóbìí kan bá ṣáko wọ ìlú náà, àwọn ará ìlú á máa bi í pé ta ló ni í, àti pé iṣẹ́ wo ló lè ṣe. Mahala yóò dúró kí wọ́n bi í tán. Lẹ́yìn náà, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ọmọ náà, yóò béèrè orúkọ rẹ̀, yóò sì wí pé, "Kí lo fi ń bora?"