Ọkọ̀ Tó Ti Kún

Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú tí bátìrì ọkọ̀ Tiril ti kún, ṣùgbọ́n kò yọ wáyà rẹ̀ kúrò lójú iná. Òtútù ọjọ́ náà ń ta èèyàn létí. Bí wáyà bá ṣì wà níbẹ̀, inú ọkọ̀ á máa gbóná láìjẹ bátìrì rárá. Òun àti Maiken ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀ kékeré oníná ẹlẹ́ni-méjì náà, irú èyí tí òfin Nọ́wè gbà kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún wà, wọ́n ń jẹ ṣokoléètì.

Ojú iná kan ṣoṣo ni abúlé Nesvika ní fún ọkọ̀. Ọ̀wẹ̀ ni gbogbo abúlé fi gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹnikẹ́ni kì í ṣọ́ ọ. Òfin rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: bí ọkọ̀ rẹ bá ti kún, yọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Gunnvor wa ọkọ̀ tirẹ̀ dé. Òun ni nọ́ọ̀sì tó ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Ó fi ìka kan gíláàsì ọkọ̀ Tiril.

"Tiril, ṣé ó ti kún?"

Maiken fi ìgúnpá gún Tiril, ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Má lé wa sínú yìnyín o, jọ̀ọ́."

"Kò tíì kún, ẹ má bínú," ni Tiril wí. "Ó ṣì máa tó wákàtí kan."

Nọ́ńbà tó fi hàn pé ó ti kún ń tàn níwájú rẹ̀. Bí Gunnvor bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, á rí i. Kò bẹ̀rẹ̀. Ní Nesvika, bí ẹnì kan bá ti fẹnu sọ nǹkan, a kì í yọjú wò ó.

"Kò burú. Màá fi iná díẹ̀ tó kù nínú ọkọ̀ mi gbìyànjú. Asbjørn ń retí mi lórí òkè."

Bó ṣe lọ, Maiken bú sẹ́rìn-ín. "Òpùrọ́! Ojú ẹ ò tiẹ̀ yẹ̀!"

Tiril náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ṣokoléètì ò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Ọkọ̀ Gunnvor kú sórí òkè. Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé ilé Asbjørn. Bàbá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún tí kò lè dá dìde ti jókòó lórí àga fún wákàtí mẹ́ta nínú ìtọ̀ ara rẹ̀.

Yàtọ̀ sí Maiken, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Tiril lọ́wọ́ sí i. Ìyẹn gan-an ló mú kó fi oúnjẹ sílẹ̀. Ó dìde, ó lọ bá Gunnvor.

"Ọkọ̀ mi ti kún lánàá. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Gunnvor wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. "Mo ti bẹ Asbjørn pé ẹ̀bi tèmi ni, pé mi ò ṣírò ọ̀nà dáadáa. Ó yá, ká jọ lọ. Ìwọ lo máa sọ ọ́."

Tiril dúró níwájú bàbá náà, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń retí èébú. Ó ń fẹ́ ẹ pàápàá. Asbjørn ò bú u. Ó wo ilẹ̀, ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bo itan rẹ̀, bíi pé òun ló ṣẹ̀.

"Ṣé bàbá ẹ náà ti gbọ́ bí wọ́n ṣe bá mi?" ni ó béèrè.

Tiril mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé e mì.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irọ́ kékeré wà. Ẹni tó pa irọ́ lè jókòó síbi tó móoru. Ẹlòmíràn ni ìtìjú irọ́ náà máa ń bá lórí àga.