Àṣírí Tó Wọ Aginjù Lọ

Aránṣọ ń fi téèpù wọn àyà oníbàárà kan láàárọ̀ Mọ́ńdè nígbà tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, káfíńtà, yọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú báàgì ńlá lẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó máa ń yọ́ ọkàn ọmọbìnrin náà bí òrí tó rí oòrùn.

"Dúdú mi, mo ń lọ kan àga fún àwọn kan nílùú kejì. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa dé."

"Ayùn ẹ dà? Òòlù dà?"

"Wọ́n ní irinṣẹ́ níbẹ̀."

Káfíńtà tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ayùn rẹ̀! Ara fu aránṣọ. Fóònù káfíńtà dún, ó yára dà á dé, ṣùgbọ́n ojú aránṣọ ti ká ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí rẹ̀: "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi àti ìwọ nìkan."

"Ta nìyẹn?"

"Oníbàárà ni jàre. O máa tó máa jowú àga!" Bó ṣe bá tiẹ̀ lọ nìyẹn.

"Àǹtí," oníbàárà kígbe, "ẹ má fi téèpù pa mí o!"

Ọjọ́bọ̀ kọjá, káfíńtà kò dé. Ọjọ́ Ẹtì, fóònù rẹ̀ kò lọ. Aránṣọ sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, 'Ó ti pa á, kí n má baà dí wọn lọ́wọ́.' Ó sunkún, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ Sátidé, ìyá káfíńtà wọlé dé. "Ìyàwó mi, ọkọ rẹ dà?"

"Màmá, ẹ bi obìnrin tó gbé e lọ."

"Obìnrin wo? Ó lè bínú kó má pè ọ́. Kì í ṣe kó má pe èmi!"

Àwọn méjèèjì gba ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lọ. Aránṣọ já dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó ń wá fọ́tò obìnrin. Àwòrán ilẹ̀ ló bá níbẹ̀: aginjù ńlá nì, tí èèyàn lè fi ọ̀sẹ̀ méjì rìn nínú rẹ̀ láìrí òrùlé kan. Káfíńtà ti kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Àgọ́, kí n yá a. Afinimọ̀nà, èyí tí mo rí lórí fóònù, pọ́ọ́kú ni. Ká gba ẹ̀yìn wọlé, ká má sanwó ẹnubodè. Kí n kọ́kọ́ lọ wò ó, kí n tó mú ìyàwó mi lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Kó yà á lẹ́nu."

Àwọn méjèèjì wọkọ̀ lọ sẹ́nubodè aginjù lójú ẹsẹ̀.

Olórí ẹ̀ṣọ́ aginjù yẹ ìwé rẹ̀ wò. "Kò sórúkọ rẹ̀ níbí. Owó tẹ́ ẹ rò pé à ń gbà lásán, òun la fi ń mọ ẹni tó wọlé tí kò jáde. Ká ló forúkọ sílẹ̀ ni, àárọ̀ àná là bá ti wá a lọ."

"Afinimọ̀nà rẹ̀ ńkọ́?" ìyá béèrè. Aránṣọ sọ ọ̀rọ̀ tó rí lórí fóònù lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

"Ṣé ó níwèé àṣẹ? Ṣé ó ní ọ́fíìsì? Ìyá, ẹni tó ní kẹ́ ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹlẹ́rìí ni kò fẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ ò tó, kó yá àgọ́, kó gbé oúnjẹ látilé, kó bá ẹlòmíì da owó ọkọ̀. Àmọ́ kó má fi afinimọ̀nà àti ìwé ẹnubodè ṣọ́ owó ná. Fóònù ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ o." Ó yíjú sí aránṣọ. "Láti Ọjọ́bọ̀, kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá?"

Aránṣọ na àwòrán ilẹ̀ náà sí i. "Ọ̀nà tó gbà nìyí."

Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni wọ́n rí káfíńtà lábẹ́ àpáta. Ọjọ́ kejì ìrìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́, tí afinimọ̀nà kó báàgì àti omi lọ. Omi díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú ìgò àpò rẹ̀ ló fi gbẹ́mìí ró. Ẹsẹ̀ ti jẹrà. Dókítà gé e lọ́rùn ẹsẹ̀, ó ní, "Ká ní ẹ gbé e dé níjọ́ Ẹtì ni, bóyá à bá gba ẹsẹ̀ náà là."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọsibítù, aránṣọ di ọwọ́ káfíńtà mú. "Mo rò pé obìnrin ló gbé ẹ lọ."

"Obìnrin ni. Ìwọ ni."

Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. "Ìfẹ́ tí kò jẹ́ kí n mọ ibi tó o wà, kí ni kí n fi ṣe?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, bí ọjọ́ bá pé tẹ́ ẹ ò rí i, ẹ gbé owú jù sílẹ̀, kẹ́ ẹ pariwo. Bó bá jẹ́ àlè ló bá lọ, ìtìjú ọjọ́ kan ni. Bí kì í bá ṣe àlè, wákàtí kan lè jẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn.