Ajá Ilé Abórìṣàdé

Orí ògiri ọgbà ni Fọlákẹ́ ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà. Bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, irinṣẹ́ rẹ̀ ti tú ká sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán láti ojúgun rẹ̀. Sùúrù, ajá bàbá Fọlákẹ́, dúró nísàlẹ̀, ó ń kùn mọ́ ọn.

"Ẹ káàárọ̀, ma," ni ọkùnrin náà wí jẹ́ẹ́jẹ́ látòkè. "Ṣé ibí ni wọ́n ti ní kí púlọ́mbà wá tún páìpù ṣe?"

Ẹ̀rín pa Fọlákẹ́, àánú rẹ̀ sì tún ṣe é. Ó fi okùn fa Sùúrù lọ sẹ́yìnkùlé, ó so ó mọ́lẹ̀, ó padà wá ran ọkùnrin náà lọ́wọ́ láti sọ̀ kalẹ̀. Ó mú un lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà. Ó fọ̀ ọ́, ó ṣàn án, ó tún fi ọṣẹ sí i.

"Ó ti tó báyìí, ma. Ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe ìkòkò."

"Kò tíì tó. Kí lorúkọ yín?"

"Ọláyanjú. Ẹ jẹ́ kí n mọ orúkọ ẹni tó fẹ́ bó mi láwọ."

Kí Fọlákẹ́ tó fèsì ni bàbá rẹ̀ jáde. Alàgbà Abórìṣàdé ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun àti Fọlákẹ́ nìkan ló kù nínú ilé wọn ní Mafoluku. Ó wo ọgbẹ́ náà.

"Ẹ gé díẹ̀ nínú irun Sùúrù, ẹ jó o, ẹ fi lé e. Á jiná."

Fọlákẹ́ mi orí. Nígbà tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìsọlọ̀, ajá gé Táòfíkì, ọmọ tí wọ́n jọ ń jókòó, jẹ, irun ajá ọ̀hún ni wọ́n sì jó fi sí i lẹ́sẹ̀. Ọgbẹ́ náà sì jiná dáadáa. Ìgbà tó yá ni Táòfíkì ò lè gbé omi mì mọ́. Bó bá ti rí ife omi, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bí wọn ò ṣe rí i ní kíláàsì mọ́ nìyẹn.

Ó mú Ọláyanjú lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló là á yé wọn.

"Inú itọ́ ajá ni àrùn dìgbòlugi máa ń wà. Ajá kan á gé èkejì jẹ, ìyẹn náà á gé òmíràn, títí á fi kan èèyàn. Ajá lè máa jẹun, kó máa ju ìrù, kí itọ́ rẹ̀ sì ti ní àrùn. Bó bá ti wá hàn lára èèyàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ so ajá náà, ẹ máa ṣọ́ ọ. Ẹ sì rí i pé ẹ gba abẹ́rẹ́ yìí parí."

Gbogbo ìgbà tí Ọláyanjú bá fẹ́ lọ gba abẹ́rẹ́ ni Fọlákẹ́ ń ti ṣọ́ọ̀bù péńtì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Àgọ́ Palace wá bá a. Ó ní òun ò fẹ́ kó sá. Bí wọ́n bá jáde, wọ́n á ra àgbàdo sísun, wọ́n á máa jẹ ẹ́ lọ, Ọláyanjú á sì máa sọ̀rọ̀ nípa Ìwó, níbi tí wọ́n ti bí i.

"Ìwọ náà, yéé pè mí ní ẹ," ló sọ lọ́jọ́ kan. "Ṣé mo dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ojú ẹ dàgbà díẹ̀," ni Fọlákẹ́ dáhùn. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ̀rín ọkùnrin yìí kì í kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Ọláyanjú wá kí bàbá rẹ̀, ojú tí bàbá fi gbà á kò dáa.

"Ìwọ lo lọ sọ ní ọsibítù pé ajá mi ti ya dìgbòlugi. Mílíìkì ni ìyàwó mi fi tọ́ ajá yẹn kó tó kú. Ẹni tó bá bà á lórúkọ jẹ́, kó má wá wá ọmọ mi."

Ọláyanjú dọ̀bálẹ̀, ó sì lọ. Fọlákẹ́ ò lè bá bàbá rẹ̀ jà. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, Sùúrù nìkan ni bàbá ń bá sọ̀rọ̀ láràárọ̀.

Kò pẹ́ sí i ni ajá náà kọ oúnjẹ. Gbígbó rẹ̀ yí padà, ẹnu rẹ̀ ò pa dé mọ́, itọ́ ń ṣàn. Bàbá rò pé eegun ló há a lọ́fun, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, eyín sì ha á níka. Ọjọ́ kejì ni Sùúrù kú. Àwọn dókítà ẹranko gbé òkú rẹ̀ lọ ṣàyẹ̀wò. Dìgbòlugi ni.

Fọlákẹ́ bẹ bàbá rẹ̀ títí pé kó wá gba abẹ́rẹ́, kò dìde lórí àga.

"Bó bá jẹ́ òun ló máa mú mi lọ bá ìyá rẹ, kò burú."

Ọláyanjú ni Fọlákẹ́ pè. Àdúgbò Bọ́ládé ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ wá, gọ́ọ̀mù páìpù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá.

"Bàbá, mi ò wá rojọ́. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Láràárọ̀ tí mo bá bu omi sínú ife, mo máa ń wò ó títí kí n tó mu ún, mò ń rò ó bóyá ọ̀fun mi á gbà á. Mi ò sọ fún Fọlákẹ́. Ẹ má jẹ́ kó máa wo bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, sà."

Fọlákẹ́ yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Sùúrù já okùn," ni bàbá wá sọ. "Ní nǹkan bí oṣù kan kí o tó wá tún páìpù ṣe ni. Òun àti àwọn ajá etí kánáàlì jà. Mo rí ojú ọgbẹ́ lára rẹ̀, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé wọ́n á ní kí n pa á."

Ọláyanjú ò bá a wí. Ó kàn wo yíká yàrá.

"Bàtà yín dà, sà?"

Ó bá a wá a, ó wọ̀ ọ́ fún un, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ lọ. Láti ọjọ́ náà, bàbá ló ń jókòó sáàárín wọn lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, á máa ráhùn pé ọwọ́ nọ́ọ̀sì le.

Ọláyanjú gba tirẹ̀ parí. Lọ́jọ́ tí bàbá náà gba èyí tó kẹ́yìn, ó ń fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀ nígbà tó bi Ọláyanjú pé, "Àwọn òbí rẹ ṣì wà ní Ìwó?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, sà."

"Sọ fún wọn kí wọ́n wá tọrọ ohun tí ò ń wá nílé mi."

Ojú ẹsẹ̀ ni Ọláyanjú dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn aláìsàn, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, ó yíjú sí Fọlákẹ́.

"Fọlákẹ́, bàbá ti gbà. Ìwọ ò tíì dá mi lóhùn."

"O ò tíì bi mí."

Ó dúró, ó di ọwọ́ Fọlákẹ́ méjèèjì mú. "Olúfọlákẹ́, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ," ló wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

Bàbá ti ń lọ níwájú, ó ń yára ju bí àgbàlagbà ṣe ń rìn lọ, kò sì bojú wẹ̀yìn.