Kóòtù Tísà Fáníyì

Nígbà tí Fẹ́yìsetán télọ̀ dé yàrá tí Ọládiípọ̀ ní òun ń gbé ní Ìkẹ́rẹ́, ibẹ̀ ti ṣófo. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Aṣọ mẹ́sàn-án tí Fẹ́yìsetán fi oṣù méje rán ti bá a lọ, pẹ̀lú ògbólógbòó kóòtù tó yá lọ́wọ́ Màmá Abigail ní Ìṣẹ̀.

Bàbá tó bí màmá náà, Tísà Fáníyì, ló ni kóòtù ọ̀hún. Láyé òyìnbó, tísà máa ń fi iwájú rẹ̀ sẹ́yìn wọ̀ ọ́, bọ́tìnì á wà lẹ́yìn, á wé gèlè lé fìlà, á sì gba títì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní àwọn tó ń sọ̀rọ̀ òun lẹ́yìn, kí àwọn náà máa rí nǹkan tó dára wò. Ìmúra yìí ni Fẹ́yìsetán wò tó fi dá àrà tirẹ̀, tó rán aṣọ tí bọ́tìnì wọn wà lẹ́yìn. Ọládiípọ̀ ní òun fẹ́ ya fọ́tò àwọn aṣọ náà àti kóòtù fún àwọn oníṣòwò kan l'Ékòó, ó sì kó gbogbo wọn lọ.

"Ìwọ fúnra rẹ lo dì wọ́n fún un?" Sájẹ́ǹtì Àjàyí bi í ní àgọ́ ọlọ́pàá.

"Èmi ni, sà."

"O gba ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ó mirí. Ojú Màmá Abigail ni kò mọ bí òun yóò ṣe wò.

Ó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí gbogbo télọ̀ tó mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan pè é láti Èmùré: ọkùnrin kan ní kí òun tú àmì orúkọ kúrò lára aṣọ tí bọ́tìnì wọn wà lẹ́yìn. Kí ọkọ̀ ọlọ́pàá tó débẹ̀, ọ̀kadà ti gbé ọkùnrin náà gba ọ̀nà Ìṣẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ ni Àjàyí àti Fẹ́yìsetán ká a mọ́, níwájú àwọn oníbàárà méjì tó fẹ́ ra àwọn aṣọ náà.

"Èmi ni mo rán wọn," Ọládiípọ̀ ní. "Obìnrin yìí ń jowú ni."

"Kí ló wà nínú ọrùn wọn?" Fẹ́yìsetán bi í.

"Aṣọ líle. Kí ló tún yẹ kó wà níbẹ̀?"

Fẹ́yìsetán mú abẹ, ó la ọrùn aṣọ kan. Orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó rán an wà lára aṣọ líle náà, ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀. Ó la òmíràn. Bákan náà.

Ọládiípọ̀ fò sí ojú fèrèsé. Àjàyí gbá a ní ṣòkòtò mú.

"Kóòtù dà?" Àjàyí bi í.

"Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti lu télọ̀ méjì ní jìbìtì báyìí ní Àkúrẹ́. Ẹ ṣàánú mi, sà."

Nírọ̀lẹ́, Fẹ́yìsetán gbé kóòtù náà kúnlẹ̀ níwájú Màmá Abigail. Màmá fọwọ́ pa ẹ̀yìn kóòtù náà láti òkè délẹ̀. Bọ́tìnì kan ti já.

"Ó ti dé ulé," ó ní. "Dìde, ọmọ mi."

Ẹkún kò jẹ́ kó tètè dìde.