Àpá Omi Kajú

"Ẹ̀fọn tó bá jẹ èmi Jẹ́láàní, ẹ̀fọn yẹn ni ibà máa ń dá! Lánàá, mẹ́ta nínú wọn kú sórí ẹní mi. Ìkẹrin ń gbọ̀n, ó ní kí n bá òun gbé omi gbígbóná wá."

Ọjà Ìgòlò lẹ́bàá bodè Nàìjíríà ló ti ń sọ ọ́, ó dúró ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí kẹ́ẹ̀gì epo pupa méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rín pa àwọn èèyàn débi pé ewúrẹ́ já okùn, kò sẹ́ni tó lé e. Ibi tó ti ń jẹ ẹ̀rín wọn bí ẹni ń jẹ àkàrà ló ti rí ọmọbìnrin kan.

Alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì kan ló dé, tó ń wúkọ́ bí arúgbó. Ọmọbìnrin tó wà lórí rẹ̀, erùpẹ̀ pupa bò ó láti irun dé bàtà, àfi bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi amọ̀ mọ ọ́n. Àpótí yìnyín wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi etí ìborùn nu ojú, ojú náà sì yọ láàárín erùpẹ̀ bí ẹ̀pà tí wọ́n bó. Kẹ́ẹ̀gì kan já bọ́ lẹ́yìn Jẹ́láàní, kò mọ̀. Epo ṣàn títí ó fi rin àwọn aṣọ́bodè lẹ́sẹ̀, kò mọ̀.

Ọmọbìnrin náà wò ó. "Kámáràdì, ẹ̀fọn kẹrin yẹn dà? Ẹ mú mi lọ síbẹ̀ kí n tọ́jú ẹ̀. Ìjọba ní kí n má yọ ẹnì kankan sílẹ̀."

Ọjà hó yèè. Ìgbà yẹn ni Jẹ́láàní ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ba, tó ń fọwọ́ kó epo padà sínú kẹ́ẹ̀gì.

Sàdíátù lorúkọ ọmọbìnrin náà, ọmọ Ìdírísù télọ̀ ní Daagbé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn tán ní Àjàṣẹ́ ni. Ayé Rẹfolúṣọ̀n ni, ìyẹn ìyípadà ìjọba, tí bàbá àtọmọ ń pe ara wọn ní kámáràdì. Ìjọba ti fọhùn pé ìwòsàn kì í ṣe ti olówó nìkan mọ́. Abúlé tí gbogbo ará ibẹ̀ bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tán ní agbègbè Ìfọ̀nyìn, wọ́n á fún un ní ilé ìtọ́jú: àpótí oògùn, yàrá ìbímọ, oògùn ibà tí owó rẹ̀ ò ju ti ọṣẹ ìfọṣọ lọ.

Ní Tchaada, abúlé Jẹ́láàní, ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ wọn ju oyin lọ. Tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gbé aláìsàn dé Àjàṣẹ́, wọ́n á ti ta ewúrẹ́, wọ́n á ti ta oko, díẹ̀ ló ń kù kí wọ́n ta aláìsàn náà mọ́ ọn. Ràbíátù, àbúrò Jẹ́láàní, lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ ni oyún àkọ́kọ́ ti bọ́ lára rẹ̀. Ó tún ti lóyún báyìí. Ojoojúmọ́ ló ń béèrè ìgbà tí wọ́n máa kọ́ yàrá ìbímọ ọ̀hún.

Sàdíátù gbé tábìlì sábẹ́ igi máńgòrò ní Tchaada. Jẹ́láàní ló ń bá a gbé e síbi òjìji, òun ló ń bá a lé adìyẹ, òun ló ń pọnmi.

"Ẹ ti gbé tábìlì yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lónìí," Sàdíátù sọ. "Ìgbà wo lẹ máa gba abẹ́rẹ́?"

"Lọ́la. Tí mo bá gbà á, ṣé ẹ máa fẹ́ mi?"

"Ẹ kọ́kọ́ gbà á ná."

"Adúmáradán, abẹ́rẹ́ yín á ṣẹ́ mọ́ mi lára ni. Irin ni mí!"

"Irin ò mà ní máa làágùn báyìí."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí Jẹ́láàní bá rí abẹ́rẹ́ ìránṣọ lásán, á sá wọ abẹ́ ẹní. Ọmọdé Tchaada wo ni kò sì mọ̀ pé omi inú èèpo kajú ń jó ara? Òun la fi ń ya àwòrán sápá nígbà tí a wà ní kékeré, tí ìyá wa á sì nà wá. Jẹ́láàní kán ẹ̀kán kan sí èjìká. Ní ọjọ́ kẹta, èépá roboto ti wà níbẹ̀, ó jọ àpá abẹ́rẹ́ bí ìbejì ṣe ń jọra.

"Àjàṣẹ́ ni mo ti gbà á," ló wí. Inú Sàdíátù dùn, ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Eré ni. Ṣùgbọ́n eré lẹ́sẹ̀. Ọ̀rẹ́ kan rí i, ó ní kó kán tòun náà sí i. Ọ̀rẹ́ sọ fún ọ̀rẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kajú tán lórí igi ní Tchaada, aláǹgbá pàápàá ti ní àpá. Ogójì ọkùnrin ló tò wá síwájú tábìlì: èyí ní Kútọnu lòun ti gbà á, èyí ní Àjàṣẹ́, ẹnì kan ní Mẹ́kà. Sàdíátù gbà wọ́n gbọ́, torí pé Jẹ́láàní ló kó wọn wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Sàdíátù parí ìwé orúkọ náà, Jẹ́láàní sìn ín dé ẹ̀bá ọ̀nà.

"Ìwọ lo jẹ́ kí iṣẹ́ yìí yọrí," Sàdíátù sọ, ojú ń tì í díẹ̀. "Bọ̀n, ó dáa. Tí wọ́n bá ti ṣí ilé ìtọ́jú náà, o lè wá bá bàbá mi."

Ó yẹ kí Jẹ́láàní fò sókè kó fi orí kan ọ̀run. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni, ó ń fa ọwọ́ aṣọ bo èjìká.

Ẹni tó wá yẹ iṣẹ́ náà wò ni Dieudonné, ọ̀gá Sàdíátù, ọkùnrin tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ló ń rẹ́rìn-ín lọ́dún, ti ọdún yẹn sì ti kọjá. Gbogbo Tchaada pé jọ. "Ehuzu!" ni ẹnì kan ké, pé ayé ti yí. "Dandan!" ni gbogbo wọn dáhùn. Dieudonné rẹ òwú sínú ọtí ìfọgbẹ́, ó di apá Múdàṣírù mú, délégé, ìyẹn olórí abúlé fúnra rẹ̀, ó sì nù ún. Èépá bá òwú lọ. Ó fi òwú sí imú.

"Kajú," ló wí.

Ó nu ti ẹlòmíràn. Kajú. Ó nu ti ẹnì kẹta.

"Kámáràdì Sàdíátù, ogójì èèyàn ló wà nínú ìwé yín. Ta ló gún wọn lábẹ́rẹ́? Igi?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Sàdíátù ò rẹ́rìn-ín. Jẹ́láàní nìkan ló tẹjú mọ́, ó ń dúró kí ó la ẹnu. Ẹnu tó ti pa ẹ̀fọn bí ẹ̀fọn ṣe pọ̀ tó, kò ṣí. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Jẹ́láàní ń kà. Ó wù ú kí wọ́n ju mẹ́wàá lọ, kó má bàa tètè kà wọ́n tán.

Ko-Koumolou, abúlé mìíràn, ni wọ́n gbé àpótí oògùn lọ. Wọ́n ní kí Sàdíátù lọ jókòó sílé. Ilé bàbá rẹ̀ ní Daagbé ló padà sí, ó ń rán bọ́tìnnì.

Ìtìjú bá Jẹ́láàní gbélé. Ní Ìgòlò, wọ́n ní kó sọ ti ẹ̀fọn, ó ní ọ̀fun ń dun òun. Bó bá ní nǹkan ṣe lọ́nà Daagbé, inú igbó ló ń gbé kẹ̀kẹ́ gbà, kó má bàa kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀.

"Jẹ́láàní, ta ló kú?" Àpínkẹ́ ìyá rẹ̀ bi í.

"Èmi ni, Màámi."

"Òkú kì í jẹ ẹ̀kọ mẹ́fà."

Jẹ́láàní ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀sán Jímọ̀ kan ni ọmọ mú Ràbíátù. Mọ́tò ò sí. Jẹ́láàní gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó kọrí sí Àjàṣẹ́, ó ń wà á bí ẹni tí iná ń jó lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé Daagbé, Ràbíátù pariwo: "Bùrọ̀dá, ẹ dúró! Ó ti ń bọ̀!" Ibi tí kẹ̀kẹ́ ti dúró, iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni.

Sàdíátù jáde pẹ̀lú pín-ìn-nì lẹ́nu. Ó rí Jẹ́láàní. Kò kí i. Ó yọ pín-ìn-nì lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Gbé e wọlé. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Ìwọ, lọ gbé omi kaná."

Orí aṣọ agbádá oníbàárà ni wọ́n bí ọmọ náà sí, obìnrin, ohùn rẹ̀ sì dé Nàìjíríà.

Níta, Ìdírísù jókòó ti Jẹ́láàní. "Ìwọ ni oníkajú?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ọmọ mi mọ̀ pé ìwọ ni. Kò dárúkọ rẹ fún ọ̀gá rẹ̀. Ó ní bóyá wàá wá sọ ọ́ fúnra rẹ."

Jẹ́láàní dojú bolẹ̀. "Bàbá, kí ni kí n ṣe?"

"Níbo lo ti parọ́?"

"Ní gbangba."

"O mọ ibẹ̀, àbí?"

Ní ọjọ́ ọjà, Jẹ́láàní gun orí kẹ́ẹ̀gì òfìfo ní Ìgòlò. Ó ti ránṣẹ́ pe Dieudonné. Àwọn èèyàn súnmọ́ ọn, wọ́n ti ń di ikùn mú fún ẹ̀rín.

"Èmi ni mo fi omi kajú sára àwọn ará Tchaada. Sàdíátù ò mọ̀. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ló ń bà mí. Nítorí mi ni ilé ìtọ́jú fi bọ́ lọ́wọ́ wa, tí àbúrò mi fi bímọ sórí aṣọ oníbàárà. Ó tán."

"Ẹ̀fọn ńkọ́?" ẹnì kan béèrè.

"Kò sí ẹ̀fọn kankan."

Dieudonné kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n dá Sàdíátù padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ti Tchaada, Dieudonné ní ó di ọdún tó ń bọ̀, bí gbogbo wọn bá gba abẹ́rẹ́ níṣojú òun. Láti ọjọ́ náà, Jẹ́láàní ń lọ láti agbolé dé agbolé, ó ń bẹ àwọn ogójì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá kúrò níbẹ̀, á lọ gún amọ̀ fún ògiri ilé ìtọ́jú tí wọ́n ń retí. Sàdíátù ń kọjá, kì í bá a sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́ta. Ní ọjọ́ kan, ó gbé igbá omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mu omi díẹ̀. Irin náà máa ń dípẹtà."

Jẹ́láàní mu omi náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mu igbá.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ pé. Àwọn èèyàn tò láti abẹ́ máńgòrò dé ojú ọ̀nà, Jẹ́láàní ló wà níwájú. Ó ká ọwọ́ aṣọ. Sàdíátù fọwọ́ kan àpá kajú náà.

"Èyí ò ní parẹ́ láéláé."

"Jẹ́ kó wà. Kí n máa rí i."

Jẹ́láàní di ojú. "Ṣé o rántí ohun tí o bi mí," ohùn Sàdíátù rọlẹ̀ létí rẹ̀, "tí mo ní kó o kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ ná?"

"Mo rántí."

"Mo gbà. Lọ bá bàbá mi."

Ó la ojú. Abẹ́rẹ́ ti jáde. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé ẹnu rẹ̀ jí láti ibi tó sùn sí. Ó fò sórí àga.

"Ẹ̀yin ará Tchaada! Ṣé ẹ rí i? Abẹ́rẹ́ ká kò bí ìwọ̀ ẹja! Òòlù ló fi gbá a wọlé! Mi ò mọ nǹkan kan lára, èmi Jẹ́láàní!"

Àpínkẹ́ ló tẹ̀ lé e, ọmọ Ràbíátù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbójú sókè wò ó. "Omi kí wá ló ń ṣàn lójú ẹ títí dé àgbọ̀n yẹn?"

Sàdíátù na abẹ́rẹ́ sókè sí oòrùn kí gbogbo ayé rí i. Ó gún régé. "Ó sì ku ẹ̀kejì," ó wí, "lóṣù tó ń bọ̀."

Jẹ́láàní wo abẹ́rẹ́, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó tutù. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó fi bàtà sílẹ̀, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Ọwọ́ aṣọ kan ń fẹ́ lẹ́lẹ́, adìyẹ ń fò lọ́tùn-ún lósì.

"Ẹ mú un!" délégé Múdàṣírù pariwo. "Bodè ló ń sá lọ!"

Sàdíátù fi ọwọ́ bo oòrùn lójú, ó ń wo erùpẹ̀ tó ń dìde lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Ọ̀nà Daagbé ló gbà."