Bírò Mẹ́ta Nínú Rọ́bà Kan

"Mú un báyìí," ni Gyu-ri, ọmọ kíláàsì Seol-ha, wí. Ó ti fi rọ́bà so bírò mẹ́ta pọ̀, ó tò wọ́n kí ẹnu wọn lè bọ́ sórí ìlà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. "Kọ ẹyọ kan, mẹ́ta á jáde. Ìwọ tó o jókòó tí ò ń da omi lójú, ṣé wọ́n ṣépè fún ọ ni?"

Seol-ha wo bírò, ó wo bébà. Gbogbo ilé ìwé ló mọ àṣà Tíṣà Pyo, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn: ọ̀rọ̀ tó o bá fẹ́ mọ̀, wàá kọ ọ́ títí bébà á fi dúdú, tí ojú funfun ò ní kù níbì kankan. Ọ̀rọ̀ ti ọ̀tẹ̀ yìí ni take. Ó kéré lójú, àmọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ ò lóǹkà: mú, gbé, gbà, wọkọ̀, lo oògùn, ya fọ́tò. Ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ní bébà tirẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ ronú gbólóhùn tó máa kọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ ìdánwò, Tíṣà á gba bébà, á tún bi kálukú ní ìbéèrè lẹ́nu.

Àwọn yòókù ti ń parí lọ. Erékùṣù tí Seol-ha ti wá ló máa ń wà ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, tó ń bá ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà kórè ewéko òkun, torí orúnkún màmá àgbà yìí ò dáa mọ́. Bẹ́ẹ̀ máàkì ni wọ́n fi ń pín ibùsùn họ́sítẹ́ẹ̀lì ilé ìwé yẹn. Máàkì rẹ bá já wálẹ̀, ẹlòmíì á gba ibùsùn rẹ. Ọmọ ìlú á forí lé ilé bàbá rẹ̀. Seol-ha ńkọ́? Ọkọ̀ ojú omi àárọ̀ kì í gúnlẹ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Bí ibùsùn bá lọ, ilé ìwé náà lọ nìyẹn.

Ẹ̀rù yìí ló jẹ́ kó na ọwọ́ sí bírò náà. Bébà ń dúdú, ìlà ń sáré, ọwọ́ ń lọ láìdúró. Ohun tí ọwọ́ ń kọ, orí ò tiẹ̀ bá a dá sí i. Nígbà tó parí, òun àti Gyu-ri se ramyeon, ìyẹn núdù, wọ́n jẹ ẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Tíṣà Pyo ṣí bébà rẹ̀ wò, ó mi orí sókè-sódò. "Iṣẹ́ gidi rèé. Ó yá, yan ìtumọ̀ tó bá wù ọ́, kó o fi sọ nǹkan kan nípa ara rẹ."

Ìbéèrè tó rọrùn jù lọ láyé. Seol-ha la ẹnu, kò sóhùn. Ìka rẹ̀ ń yí lórí itan bíi pé ó ṣì ń kọ̀wé, àmọ́ orí ṣófo pátápátá. Tíṣà tún wo bébà náà, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé.

"Íǹkì já ní ìlà kẹta. Ó já ní ìlà kẹfà, ní ojú ibì kan náà. Bírò mélòó lo fi kọ ọ́?"

"Ẹyọ kan ni, sà."

Irọ́ yẹn gan-an ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ká ní ó sọ òótọ́ ni, Tíṣà ì bá ní kó lọ kọ òmíì wá. Òdo ló fún un. Gyu-ri ńkọ́? Ó yege. Ó ti mọ ọ̀rọ̀ náà tipẹ́ níbi lẹ́sìnnì tó ń lọ láti kékeré; bírò mẹ́ta ò pa á lára.

Nígbà tí wọ́n fi ibùsùn fún ẹlòmíì, ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló wá bá Seol-ha di ẹrù. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wà kí Màmá tó sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fà á. Ṣé ọkọ̀ tá a wọ̀ yìí wà nínú ẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá."

"Oògùn orúnkún tí mò ń lò ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ibùsùn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀ náà," ni Seol-ha wí, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. Gbogbo rẹ̀ ló ti yé e yékéyéké báyìí, lọ́jọ́ tí kò sẹ́ni tó máa bi í mọ́. Ó jẹ́wọ́ bírò mẹ́ta, ó jẹ́wọ́ irọ́.

Màmá wò ó lójú. "Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tèmi ni, gbogbo ara lo fi ń ṣe é. Mo ní kó o sinmi, o ní rárá. Iṣẹ́ tìrẹ lo wá lọ fi ọwọ́ lásán ṣe. O ò sì lè la ẹnu sọ fún tíṣà rẹ pé èmi lò ń ràn lọ́wọ́?"

Kò sí ọ̀nà míì tí a lè gbà sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tẹ́ ẹ̀ ń ka ìtàn yìí: bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún ọ, sọ fún ẹni tó fún ọ ní iṣẹ́ náà. Bébà tó o fi jìbìtì kún ò ní bá ọ dáhùn nígbà tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè.