Àtinúkẹ́ àti Òkun Tó Ń Mí

Oòrùn ọ̀sán ń mú ganrínganrín nígbà tí obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù Ilésanmí ní Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì, ó sì béèrè ohun tí oníbàárà kankan kò béèrè rí.

"Ẹ kú ọjà, bọ̀dá. Ẹ fún mi ní mínírà méjì. Kí ọ̀kan tutù bíi yìnyín. Kí èkejì jẹ́ èyí tó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀."

"Gbígbóná kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ fi tẹ ẹ̀bà ni?"

"Ẹ ṣáà fún mi. Ẹ ó rí i."

Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú minijọ, ẹ̀rín a sì máa kọ́kọ́ dé ojú rẹ̀ kó tó dé ẹnu. Ó ṣí èyí tó tutù: ó kùn díẹ̀, ó dákẹ́. Ó ṣí èyí tó gbóná: ìfófòó ru gùdù, ó fò sókè, ó sì balẹ̀ sára bùbá funfun tí Ilésanmí fẹ́ wọ lọ sí ìpàdé ìjọ.

"Yéè! Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín. "Ohun tí mo fẹ́ fi han àwọn ọmọ ilé-ìwé kan lọ́la gan-an nìyẹn."

"Bí wọ́n ṣe ń fi mínírà wẹ ọlọ́jà?"

"Pé omi tútù a máa di afẹ́fẹ́ mú ṣinṣin, omi gbígbóná kì í lè dì í mú. Bí òkun náà ṣe ń ṣe nìyẹn."

Bí Ilésanmí ṣe gbàgbé ìpàdé ìjọ nìyẹn. Ó fa àga fún un. Ó gbọ́ pé Àtinúkẹ́ lorúkọ rẹ̀, pé ọmọ Ìyìn-Èkìtì ni, pé olùkọ́ ni ní yunifásítì, àti pé ìmọ̀ òkun niṣẹ́ rẹ̀.

"Òkun wo ló wà l'Ékìtì?"

"Èéfín jẹnẹrétọ̀ yín yìí ńkọ́? Níbo lẹ rò pé ó ń lọ?"

Ilésanmí wo òkè.

Obìnrin náà ṣàlàyé fún un, ọwọ́ rẹ̀ ń fò bí ẹyẹ. Ó ní ní ìpẹ̀kun ayé, lókè lọ́hùn-ún àti nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí omi ti ń di yìnyín, òkun ń fa kábọ́ọ̀nù inú èéfín wa mu. Omi tútù náà wúwo, ó ń rì, ó ń gbé kábọ́ọ̀nù lọ sísàlẹ̀, ó sì ń gbé ọ́síjìn lọ fún àwọn ẹ̀dá tí kò rí oòrùn rí. Níbòmíràn, omi tó ti pẹ́ nísàlẹ̀ ń gòkè bọ̀, ó ń tú kábọ́ọ̀nù tó ti gbé mì sílẹ̀.

"Òkun ń mí, bọ̀dá. Ó ń mí sínú, ó ń mí síta."

Ọkùnrin náà kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀kadà bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, a sáré wo ìta. Kò pẹ́ tí "bọ̀dá" fi di "Ilé mi", tí òun náà sì ń pè é ní "olùkọ́ ọkàn mi". Wọ́n mọ ara wọn nílé, wọ́n dá ọjọ́ ìdána.

Ìgbà náà ni ìròyìn dé. Ọkọ̀ ojú omi kan tó ń lọ sí òkun ìsàlẹ̀ ayé ti gba Àtinúkẹ́ mọ́ àwọn tí yóò bá a lọ wọn kábọ́ọ̀nù inú omi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà yóò gbéra ṣáájú ìdána.

Bàbá rẹ̀, Ọ̀gá Ọlálérè, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ránṣẹ́ pe Ilésanmí sí Ìyìn. Kò fa ọ̀rọ̀ gùn.

"Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Uṣẹ́ kí ni obìnrin ń lọ ṣe láàrin yìnyín? Ó ti sọ fún mi pé bí ìwọ bá ní kó má lọ, òun ò ní lọ. Sọ fún un. Àní kí ọjọ́ tá a dá tó pé, mo fi í fún ọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá wọkọ̀ yẹn, má gbé ẹrù ìdána wá sí ulé mi."

Ọ̀rọ̀ kan péré, ìyàwó di tirẹ̀. Ilésanmí ń sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wò títí tó fi dé Adó. Ó bá Àtinúkẹ́ nínú ẹ̀wù òtútù ńlá kan, òógùn bò ó, ó ń yí bìrí níwájú dígí.

"Ilé mi, wò mí! Ṣé n ò jọ àpò ìrẹsì?"

"O jọ ọ́. Kí ló wà níbẹ̀ tí ẹlòmíràn ò lè wọ̀n?"

Ó dúró jẹ́. "Nígbà òtútù, ìjì ibẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn lè lọ. Ìwọ̀nba ni ohun tá a mọ̀. Ṣé òkun yẹn ń mí sínú ju bó ṣe ń mí síta lọ nígbà náà? Mo fẹ́ mọ̀. Inú mi ń dùn débi pé n ò lè jẹun." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àmọ́ bí o bá ní kí n dúró, n ó dúró."

Ilésanmí wo ojú tó ń dán yìí. Ọ̀rọ̀ tó gbé bọ̀ láti Ìyìn kú sí i lẹ́nu.

"Máa lọ, olùkọ́ ọkàn mi. Jẹ́ kí èmi lọ bá Bàbá."

Ó padà sí Ìyìn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"N ò lè sọ fún un, sà."

"A jẹ́ pé o ò fẹ́ràn rẹ̀."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, sà. Bí wọ́n bá dárúkọ ìjì lásán, ara mi kì í lélẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá a dúró, kì í ṣe ẹni tí mo fẹ́ ni n ó mú wọlé."

Bàbá kọjú sí ògiri. Fọ́tò ìyàwó rẹ̀ tó ti kú wà níbẹ̀. Kò wo Ilésanmí bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Àkúrẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń lọ. Kò jìnnà. Èmi ni mo ní kó máa lọ, kó tètè dé. Mọ́tò ò jẹ́ kó dé."

Ilésanmí kò gbórí sókè.

"Dìde," ni Bàbá wí níkẹyìn. "Ilẹ̀ yẹn dọ̀tí. Ẹ̀rù kan náà ló ń bà wá. Ọjọ́ tá a dá kò yẹ̀. Gbé ẹrù rẹ wá."

Lọ́jọ́ ìdána, ilé kún fọ́fọ́. Fọ́tò Àtinúkẹ́ ni wọ́n gbé sórí àga ìyàwó, bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹni tó wà lókè òkun. Ṣùgbọ́n Àǹtí Fúnkẹ́mi, àbúrò Bàbá, yarí.

"Fọ́tò kì í nawọ́. Ọwọ́ ìyàwó fúnra rẹ̀ ló ń mú ohun tó wù ú jù nínú ẹrù. Bí ò bá mú nǹkan kan, a ò tíì gba ẹrù o!"

Wọ́n pè é lórí fóònù inú ọkọ̀ ojú omi náà. Ìjì ń hó, ohùn ń já.

"Àtinúkẹ́! Kí lo mú?"

"Bíbélì! Èyí tí òrùka... wà lára..." Fóònù kú.

Ariwo sọ. Àwọn kan ní ó ti mú un, àwọn kan ní ẹnu kì í ṣe ọwọ́. Ilésanmí jókòó, ó ń wo Bíbélì náà. Àǹtí Fúnkẹ́mi nawọ́ láti bá ìyàwó gbé e.

"Jókòó, Fúnkẹ́mi."

Bàbá ló dìde. Bàbá ìyàwó kì í fọwọ́ kan ẹrù ìdána, gbogbo ilé ló mọ̀. Ó rìn lọ síbi ẹrù, ó gbé Bíbélì náà, ó gbé e mọ́ àyà.

"Ọwọ́ tèmi lọwọ́ rẹ̀ lónìí," ló wí.

Ó tú òrùka kúrò lára rẹ̀, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Ilésanmí, ó sì pa ìka rẹ̀ dé lé e. "Tọ́jú rẹ̀. Bó bá dé, fi í sí i níka."

Ayọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ìgbà náà ni fóònù tún dún.

"Hẹ́lò! Ṣé wọ́n ti fún mi lọ́kọ?"

"Wọ́n ti fún ọ!" Ilésanmí kígbe débi pé fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Àtinúkẹ́, ìyàwó mi! Bàbá fúnra rẹ̀ ló bá ọ gbé Bíbélì!"

Ìjì nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ẹkún, lẹ́yìn náà ẹ̀rín tí wọ́n mọ̀ dáadáa.

"Ọkọ mi," ni ohùn náà wí láti ìsàlẹ̀ ayé, "rọra pariwo. Omi ìsàlẹ̀ òkun tí mo fẹ́ wọ̀n ń gòkè bọ̀ lọ́wọ́ mi."